FÁÍRỌ́Ọ̀SÌ KÌ Í ṢE KÒKÒRÒ: ÈRÒ LÓRÍ Ọ̀RỌ̀-ÌPERÍ FÚN ÀRÙN Ẹ̀GẸ́ NÍ AGBÈGBÈ Ọ̀RẸ̀ ÀTI ODÍGBÓ

1. Ìfáárà

Ilé ni à ń wò kí a tó sọ ọmọ lórúkọ. Òwe yìí bá iṣẹ́ àwọn tí ń ṣẹ̀dá ọ̀rọ̀-ìperí mu gidigidi. Orúkọ tí wọ́n bá fún ohun titun nínú ìwé ẹ̀kọ́ kì í jókòó sínú ìwé náà. Yóò bá akẹ́kọ̀ọ́ dé ilé, yóò bá òṣìṣẹ́ ọ̀gbìn dé oko, yóò bá sọ̀rọ̀sọ̀rọ̀ dé orí rédíò, yóò sì máa sọ ohun tí ó yẹ kí àgbẹ̀ ṣe fún un, bí ẹni tí ó ṣẹ̀dá orúkọ náà kò bá tilẹ̀ ní irú èrò bẹ́ẹ̀ lọ́kàn. Bí orúkọ bá tọ́, ó di ìmọ̀. Bí ó bá ṣi ènìyàn lọ́nà, owó àti agbára àgbẹ̀ ni yóò bá a lọ.

Ọ̀kan nínú àwọn orúkọ tí ń ṣini lọ́nà bẹ́ẹ̀ ni "kòkòrò àìfojúrí" tí ọ̀pọ̀ ìwé, ètò orí rédíò àti ìwé ìléwọ́ fi ń pe fáírọ́ọ̀sì. Èrò tí àpilẹ̀kọ yìí gbé kalẹ̀ ni pé ó yẹ kí àwọn olùkọ́, àwọn ògbufọ̀ àti àwọn onímọ̀ èdè yọ "kòkòrò" kúrò nínú orúkọ fáírọ́ọ̀sì pátápátá. Níwọ̀n ìgbà tí "kòkòrò" bá wà níbẹ̀, kò sí bí ènìyàn ṣe lè fi Yorùbá tí ó já gaara ṣàlàyé bí fáírọ́ọ̀sì ṣe ń ran ohun ọ̀gbìn, bí ó ṣe ń yàtọ̀ síra, àti bí ó ṣe ń yí padà láti ìran dé ìran. Àrùn tí ó ń ba ewé ẹ̀gẹ́ jẹ́ ni a ó fi ṣe àpẹẹrẹ, nítorí pé kò sí àgbẹ̀ ẹ̀gẹ́ tí kò mọ̀ ọ́n lójú, ìbáà ṣe pé kò mọ orúkọ rẹ̀.

2. Ọ̀rẹ̀, Odígbó àti ẹ̀gẹ́

Ọ̀rẹ̀ ni olú-ìlú Ìjọba Ìbílẹ̀ Odígbó ní Ìpínlẹ̀ Oǹdó. Ibẹ̀ ni ọ̀nà ńlá tí ó ti Ṣàgámù lọ sí Benin ti pàdé èyí tí ó wá láti ìlú Oǹdó. Ẹni tí kò tilẹ̀ dé ibẹ̀ rí ti gbọ́ "ó le kú, ìjà Ọ̀rẹ̀", ọ̀rọ̀ tí ó ti ẹnu àwọn ènìyàn jáde láti ìgbà tí àwọn ọmọ-ogun Bìáfíra àti ti ìjọba àpapọ̀ kojú ara wọn níbẹ̀ ní 1967. Ilẹ̀ igbó ni ilẹ̀ náà. Kòkó, ọ̀pẹ, rọ́bà àti ẹ̀gẹ́ ni ó ń bọ́ ọ̀pọ̀ ènìyàn níbẹ̀. Ohun tí ó bá gba oríta Ọ̀rẹ̀ kọjá ní òwúrọ̀ lè sùn sí Èkó, sí Benin tàbí sí Àkúrẹ́ ní alẹ́ ọjọ́ kan náà. Gààrí ń gba ibẹ̀ kọjá. Ìdì igi ẹ̀gẹ́ tí wọ́n fẹ́ lọ gbìn lè gba ibẹ̀ kọjá pẹ̀lú. Ohun tí ó bá sì wà nínú igi náà yóò bá a lọ.

Ẹ̀gẹ́ fúnra rẹ̀ kì í ṣe ọmọ ilẹ̀ yìí. Àwọn ará Potogí ni wọ́n kó o láti Bùràsíìlì wá sí etíkun Áfíríkà. Àwọn Àgùdà tí wọ́n ti oko ẹrú padà wá sílé ní ọ̀rúndún kọkàndínlógún ṣe gudugudu méje nínú títan ọgbọ́n gààrí ṣíṣe kálẹ̀. Lónìí, ẹ̀gẹ́, gbágùúdá àti pákí ni àwọn Yorùbá ń pè é, kò sì sí ẹni tí ó ń kà á sí àlejò mọ́.

Àrùn tí ó ń bá ewé rẹ̀ jà kò bá a ti òkè òkun wá. Ní Gúúsù Amẹ́ríkà tí ẹ̀gẹ́ ti wá, wọn kò rí i. Ohun tí àwọn onímọ̀ gbà ni pé ara àwọn ohun ọ̀gbìn ilẹ̀ Áfíríkà ni àwọn fáírọ́ọ̀sì wọ̀nyí ti wà tẹ́lẹ̀ kí wọ́n tó bọ́ sára ẹ̀gẹ́. Ní 1894 ni Warburg, ọmọ ilẹ̀ Jámánì, kọ́kọ́ ṣe àpèjúwe àrùn náà ní ilẹ̀ tí a ń pè ní Tànsáníà lónìí. Ní 1936, Golding tẹ ìwádìí jáde láti gúúsù Nàìjíríà pé kòkòrò funfun kékeré kan, tí ó máa ń bà sí abẹ́ ewé, ni ó ń gbé e láti ara ẹ̀gẹ́ kan dé ara òmíràn.

Àmì àrùn náà kò ṣòro láti mọ̀. Ewé yóò di alámì, apá kan rẹ̀ yóò pọ́n ràkọ̀ràkọ̀ bí ewé tí ó fẹ́ gbẹ, apá kan yóò wà ní tútù. Ewé náà yóò ká kò, yóò lọ́, yóò sì kéré. Bí ó bá le, igi náà yóò ràn, iṣu ìdí rẹ̀ kò sì ní tó nǹkan. Nítorí ká-kò tí ó ń ká ewé kò yìí, "akáwékò" ni àpilẹ̀kọ yìí yóò pe àrùn náà. Orúkọ tí ó tọ́ka sí ohun tí ojú rí dára fún àrùn. Fún ohun tí ó fa àrùn ni ọ̀rọ̀ ti le.

3. Kòkòrò tí ó gbé kòkòrò

Ẹ jẹ́ kí a wo irú gbólóhùn tí ó máa ń jáde bí ògbufọ̀ bá fi "kòkòrò àìfojúrí" túmọ̀ ìmọ̀ yìí: "Kòkòrò kan ni ó ń fa àrùn akáwékò, kòkòrò mìíràn ni ó sì ń gbé kòkòrò náà kiri." Olùkọ́ lè fi àlàyé gun gbólóhùn yìí lẹ́sẹ̀ nínú kíláàsì. Àgbẹ̀ tí ó gbọ́ ọ lórí rédíò kò ní ẹni tí yóò bá a ṣàlàyé. Ohun tí ó gbọ́ ni kòkòrò, ohun tí ó sì mọ̀ pé a ń ṣe fún kòkòrò ni pé kí a pa á.

Èyí kò yani lẹ́nu ní ilẹ̀ kòkó. Láti nǹkan bí ìdajì ọ̀rúndún tí ó kọjá ni àgbẹ̀ kòkó ti mọ ẹ̀rọ ìfínkòkó. Àwọn àgbàlagbà tí wọ́n ti pẹ́ nínú oko kòò gbàgbé Gammalin 20 tí wọ́n fi ń pa kòkòrò ara kòkó ní ayé ìgbà kan. Ní etí irú ènìyàn bẹ́ẹ̀, "kòkòrò" àti "oògùn fínfín" ti di ọmọ ìyá kan náà. Bí wọ́n bá sọ fún un pé kòkòrò ni ó wà nínú ẹ̀gẹ́ rẹ̀, yóò gbé ẹ̀rọ kọ́ ẹ̀yìn. Yóò ná owó, yóò fín oògùn, ewé tí ó ti ká kò kò sì ní tú. Kò sí oògùn fínfín tí ń wo fáírọ́ọ̀sì sàn lára ẹ̀gẹ́.

Ohun tí ó yẹ kí ó ṣe yàtọ̀ sí èyí. Kí ó ṣa igi tí ó fẹ́ gbìn láti ara ẹ̀gẹ́ tí ewé rẹ̀ mọ́. Kí ó tètè fa ọ̀dọ́ ẹ̀gẹ́ tí ó ní àmì àrùn tu. Kí ó gbin ẹ̀yà tí ó lè kojú àrùn. Ìdí tí igi fi ṣe pàtàkì tó bẹ́ẹ̀ ni pé fáírọ́ọ̀sì ń gbé inú ara ẹ̀gẹ́ fúnra rẹ̀. Ẹni tí ó gé igi lára ẹ̀gẹ́ tí ó ní àrùn ti gé àrùn náà mọ́ ọn, yóò sì fi ọwọ́ ara rẹ̀ gbìn ín ní ọdún tí ń bọ̀, kòkòrò funfun ìbáà wà ní oko náà tàbí kí ó má sí. Ọ̀rọ̀ náà "kòkòrò" bo èyí mọ́lẹ̀, nítorí pé kòkòrò a máa wá láti ìta ni; a kì í sọ pé kòkòrò wà nínú irúgbìn tí ojú rí pé ó mọ́.

Ìṣòro náà kò mọ sí oko. Nígbà tí àrùn éèdì dé, "kòkòrò apa sójà ara" ni wọ́n pe fáírọ́ọ̀sì rẹ̀; nígbà tí kòrónà dé ní 2020, "kòkòrò" ni ọ̀pọ̀ ènìyàn tún pè é. Èyí fi hàn pé ọ̀rọ̀ náà ti fìdí múlẹ̀. Ṣùgbọ́n pé àṣìṣe ti fìdí múlẹ̀ kò sọ ọ́ di òtítọ́.

4. Kí ni fáírọ́ọ̀sì?

Kòkòrò ní ẹnu, ó ní ẹsẹ̀, ó ń jẹun, ó ń yé ẹyin. Fáírọ́ọ̀sì kò ní ọ̀kankan nínú wọn. Ti akáwékò kò ju àkọsílẹ̀ àbùdá tí a fi èèpo purotéènì wé lọ. Nígbà tí ó bá wọ inú ara ẹ̀gẹ́, àwọn ohun èlò tí ẹ̀gẹ́ fi ń da àkọsílẹ̀ tirẹ̀ kọ ni fáírọ́ọ̀sì yóò fi da ara rẹ̀ kọ. Ìwé ni, kì í ṣe akọ̀wé; ilé ẹlòmíràn ni ó ti ń wá ẹni tí yóò dà á kọ.

Àkọsílẹ̀ náà kéré jọjọ. Ti ènìyàn tó nǹkan bí lẹ́tà bílíọ̀nù 3. Ti fáírọ́ọ̀sì akáwékò jẹ́ òrùka méjì, tí ọ̀kọ̀ọ̀kan wọn ní lẹ́tà tí ó wà láàárín 2,700 sí 2,800. Stanley àti Gay ni wọ́n kọ́kọ́ ka gbogbo lẹ́tà irú rẹ̀ kan tí ó wá láti Kẹ́ńyà, ní 1983. Bí wọ́n bá fi ẹ̀rọ tí ó lágbára wo fáírọ́ọ̀sì náà, èèpo méjì tí wọ́n lẹ̀ mọ́ ara wọn ni wọ́n ń rí. Ìdí nìyí tí àwọn onímọ̀ fi fún ìdílé rẹ̀ ní orúkọ tí ó ti inú ọ̀rọ̀ Látìn fún ìbejì wá. Yorùbá kò nílò láti yá èyí lọ́wọ́ ẹnikẹ́ni. "Fáírọ́ọ̀sì ìbejì" tó ó, ó sì yé ọmọdé.

Kí ni ìdí tí "fáírọ́ọ̀sì" fúnra rẹ̀ fi yẹ kí ó jẹ́ ọ̀rọ̀ àyálò? Àwọn Òyìnbó pẹ̀lú yá a ni. Oró tàbí májèlé ni ó túmọ̀ sí ní èdè Látìn. Nígbà tí Ivanovsky ní 1892 àti Beijerinck ní 1898 rí i pé omi ewé tábà tí ó ní àrùn ṣì ń ran ewé mìíràn lẹ́yìn tí wọ́n ti sẹ́ ẹ kọjá nínú asẹ́ tí kòkòrò àrùn kankan kò lè gbà kọjá, wọn kò ní orúkọ fún ohun tí wọ́n rí. Ọ̀rọ̀ àtijọ́ kan ni wọ́n mú, ìtumọ̀ titun ni wọ́n sì fi sínú rẹ̀. Ẹnìkan lè sọ pé kí Yorùbá mú "oró" bákan náà. Ṣùgbọ́n "oró" wà láàyè nínú èdè wa, ó sì ní iṣẹ́ tirẹ̀: oró ejò, oró àkéekèe. Oró a máa dín kù bí ó bá ti ń tàn kálẹ̀. Fáírọ́ọ̀sì a máa pọ̀ sí i. Nítorí náà, ọ̀rọ̀ àyálò tí kò ní ìtumọ̀ mìíràn tẹ́lẹ̀ sàn ju ọ̀rọ̀ abínibí tí ìtumọ̀ rẹ̀ yóò máa fa àgbẹ̀ sẹ́yìn.

5. Ọ̀wọ́ àti ìyàtọ̀síra

Ọ̀rọ̀ kejì tí ó nílò àtúnṣe ni èyí tí àwọn onímọ̀ fi ń pe àpapọ̀ ohun alààyè irú kan náà ní ibì kan. Nínú ìwé ẹ̀kọ́ ayé, "iye ènìyàn" ni wọ́n fi túmọ̀ rẹ̀. Kò sí ẹni tí yóò sọ pé "iye ènìyàn fáírọ́ọ̀sì" láìrẹ́rìn-ín. Yàtọ̀ sí èyí, iye jẹ́ nọ́ńbà, ohun tí à ń sọ kì í sì í ṣe nọ́ńbà nìkan. Yorùbá ní "ọ̀wọ́": ọ̀wọ́ ẹran, ọ̀wọ́ eṣú. Ọ̀wọ́ ní iye, ó ní ibi tí ó wà, ó lè pín sí méjì, ó sì lè kó lọ sí ibòmíràn. Ohun tí onímọ̀ fáírọ́ọ̀sì nílò gan-an nìyẹn. Ọ̀wọ́ fáírọ́ọ̀sì kan lè wà nínú igi ẹ̀gẹ́ kan ṣoṣo. Ọ̀wọ́ tí ó tóbi jù ú lọ lè wà ní gbogbo oko Odígbó.

Àwọn tí ó wà nínú ọ̀wọ́ kan kì í rí bákan náà. Láti sọ èyí, àwọn kan ń lo "onírúurú", àwọn mìíràn ń lo "ọ̀kan-ò-jọ̀kan". Ọ̀rọ̀ dáradára ni méjèèjì, ṣùgbọ́n iṣẹ́ àpọ́nlé ohun ni wọ́n ń ṣe. Ènìyàn lè sọ pé "aṣọ ọ̀kan-ò-jọ̀kan", kò lè sọ pé "ọ̀kan-ò-jọ̀kan aṣọ yìí kéré ju tọ̀hún lọ". Sáyẹ́ǹsì sì fẹ́ wọn nǹkan náà, kí ó sọ ibi tí ó ti pọ̀ àti ibi tí ó ti kéré. Ọ̀rọ̀-orúkọ tí ó lè bá "pọ̀" àti "kéré" rìn ni a nílò. "Ìyàtọ̀síra àbùdá" ṣe iṣẹ́ yìí láìní wàhálà.

Ẹ wo bí ó ti rọrùn tó: ìyàtọ̀síra àbùdá fáírọ́ọ̀sì akáwékò tí wọ́n ń pè ní ti Áfíríkà kéré. Èyí tí wọ́n rí ní ìwọ̀-oòrùn jọ èyí tí wọ́n rí ní ìlà-oòrùn gan-an. Ní ti àwọn tí wọ́n ń pè ní ti Ìlà-Oòrùn Áfíríkà, ìyàtọ̀síra wọn pọ̀ gidigidi. Irú wọn kan tí wọ́n fi orúkọ Kamẹrúùnù pè ti wà ní Nàìjíríà pẹ̀lú, wọ́n sì ti bá òun àti ti Áfíríkà pọ̀ nínú ẹ̀gẹ́ kan náà. Gbólóhùn wọ̀nyí kò ní ọ̀rọ̀ Gẹ̀ẹ́sì kan nínú, ọmọ kíláàsì kẹta ilé-ẹ̀kọ́ girama yóò sì gbọ́ wọn yé.

6. Àṣìkọ, àdàlù àti àgéránpọ̀

Ọ̀nà wo ni ìyàtọ̀síra ń gbà wá? Àwọn ìwé tí wọ́n ń kọ lọ́wọ́ ń fi "ìyípadà" tàbí "ìdàpọ̀" pe ohun gbogbo. Ìwà àìbìkítà ni èyí, nítorí ohun mẹ́ta ọ̀tọ̀ọ̀tọ̀ ni wọ́n.

Èkínní ni àṣìṣe nínú dídà àkọsílẹ̀ kọ. Lẹ́tà kan bọ́ sí ipò òmíràn. Yorùbá ti ní àṣìsọ, àṣìgbọ́ àti àṣìrò. "Àṣìkọ" ni ó yẹ èyí. Àṣìkọ fáírọ́ọ̀sì ìbejì pọ̀. Ní 2009, Duffy àti Holmes fi hàn, láti ara àwọn fáírọ́ọ̀sì ẹ̀gẹ́ ti Ìlà-Oòrùn Áfíríkà, pé ìyára tí lẹ́tà wọn fi ń pààrọ̀ sún mọ́ ti àwọn fáírọ́ọ̀sì tí àkọsílẹ̀ wọn jẹ́ RNA, bẹ́ẹ̀ DNA ni tiwọn.

Èkejì ni kí irú fáírọ́ọ̀sì méjì wà nínú ẹ̀gẹ́ kan ní ìgbà kan náà. Gbogbo ilé ni ó mọ àdàlù, ẹ̀wà àti àgbàdo nínú ìkòkò kan. Wọ́n jọ jiná, ṣùgbọ́n ẹni tí ó bá fẹ́ lè ṣa ẹ̀wà kúrò lára àgbàdo. "Àdàlù àrùn" bá èyí mu. Ohun tí ó sì jẹ́ kí ó ṣe pàtàkì ni pé àdàlù a máa mú àrùn le ju bí ọ̀kọ̀ọ̀kan ìbá ti le lọ.

Ẹ̀kẹta ni kí wọ́n gé apá kan nínú àkọsílẹ̀ irú kan, kí wọ́n sì rán an mọ́ ti irú kejì, bí télọ̀ ṣe ń gé aṣọ méjì láti rán ẹ̀wù kan. Nígbà tí ẹ̀wù bá ti parí, kò sí ṣíṣà mọ́. Ẹ̀wù titun ni. "Àgéránpọ̀" ni àpilẹ̀kọ yìí dábàá fún un. Ẹni tí ó bá pe àdàlù àti àgéránpọ̀ ní "ìdàpọ̀" ti sọ pé àdàlù àti ẹ̀wù jẹ́ ohun kan náà.

Ìyàtọ̀ yìí kì í ṣe ọ̀rọ̀ ẹnu lásán. Ní òpin ọdún 1980 sí 1989, akáwékò kan tí ó burú jáì bẹ̀rẹ̀ sí í jà ní Ùgáńdà. Ó ń tàn láti àgbègbè kan dé èkejì. Ọ̀pọ̀ àgbẹ̀ pa ẹ̀gẹ́ tì, ebi sì pa àwọn ènìyàn. Ní 1997, àwọn onímọ̀ tẹ̀ ẹ́ jáde pé fáírọ́ọ̀sì àgéránpọ̀ wà nídìí ọ̀rọ̀ náà: ti Ìlà-Oòrùn Áfíríkà ni púpọ̀ nínú àkọsílẹ̀ rẹ̀, ṣùgbọ́n àárín apá tí ó ń ṣe èèpo rẹ̀ jẹ́ ti irú kejì, ti Áfíríkà. Àdàlù àgéránpọ̀ yìí pẹ̀lú ti Áfíríkà ni ó sì ń le jù. Ẹ̀gẹ́ tí wọ́n fi gba àgbẹ̀ Ùgáńdà sílẹ̀ wá láti ọ̀dọ̀ wa níhìn-ín. TMS 30572, tí wọ́n ṣe ní IITA ní Ìbàdàn, ni Ùgáńdà gbà tí wọ́n sì sọ ní Migyera.

7. Àyípadà tí kò ní èrò

Ọ̀rọ̀ tí ó ṣòro jù ni ti àyípadà tí ó ń bá ohun alààyè láti ìran dé ìran. "Ìdàgbàsókè" ni àwọn kan ń lò. Ọ̀rọ̀ yìí kò dára rárá fún iṣẹ́ náà. Bí ìjọba bá da ọ̀dà sí ọ̀nà Odígbó, ìdàgbàsókè ni. Fáírọ́ọ̀sì tí ó yí padà kò dàgbà, kò sì sókè. Ó yàtọ̀ sí ti tẹ́lẹ̀ ni. "Àyípadà àtìrandíran" sọ ohun tí ó ṣẹlẹ̀ láìfi ìyìn kún un.

Ṣùgbọ́n orúkọ nìkan kò tó. Gbólóhùn tí orúkọ náà wà nínú rẹ̀ ṣe pàtàkì bákan náà. Ọ̀pọ̀ ògbufọ̀ ń kọ pé "fáírọ́ọ̀sì yí ara rẹ̀ padà kí ó lè ṣẹ́gun ẹ̀gẹ́". Nínú Yorùbá, ẹni tí ó yí ara rẹ̀ padà kí ó lè ṣe nǹkan ní èrò, ó sì ní ète. Fáírọ́ọ̀sì kò ní ọ̀kankan. Ẹ wo asẹ́ gààrí. Asẹ́ kò mọ èyí tí ó kúnná àti èyí tí kò kúnná. Ihò rẹ̀ ni ó ń pín wọn. Bẹ́ẹ̀ ni ẹ̀yà ẹ̀gẹ́ tí ó lè kojú àrùn rí. Ọ̀pọ̀ fáírọ́ọ̀sì yóò kú sí iwájú rẹ̀. Bí àṣìkọ bá wà lára ọ̀kan tí ó jẹ́ kí ó kọjá, ọmọ èyí ni yóò kún oko lọ́dún tí ń bọ̀. Gbólóhùn tí ó tọ́ ni: "Àwọn tí àṣìkọ wọn jẹ́ kí wọ́n kọjá ni ó ṣẹ́kù." Nítorí náà ni "ìṣẹ́kù" fi sàn ju "àṣàyàn" lọ, nítorí pé àṣàyàn gbọ́dọ̀ ní ẹni tí ó yàn.

Ibí ni ọ̀rọ̀ ti kan àgbẹ̀ Ọ̀rẹ̀ àti Odígbó gbọ̀ngbọ̀n. Bí òṣìṣẹ́ ọ̀gbìn bá kó igi titun wá, ohun tí ó máa ń sọ ni pé "àrùn kì í mú un". Ìlérí ńlá ni "kì í". Ní 2002, àwọn onímọ̀ kéde àbùdá kan tí wọ́n pè ní CMD2, tí wọ́n rí nínú ẹ̀yà ìbílẹ̀ Nàìjíríà kan, TME 3. Àbùdá yìí wúlò púpọ̀, ọ̀pọ̀ ẹ̀yà titun sì gbára lé e. Ṣùgbọ́n bí oko gbogbo bá gbára lé àbùdá kan ṣoṣo, asẹ́ kan ṣoṣo ni wọ́n gbé kalẹ̀ níwájú ọ̀wọ́ tí ń ṣe àṣìkọ lójoojúmọ́. Bí ó bá di ọjọ́ kan tí àmì àrùn yọ lára ẹ̀gẹ́ tí wọ́n ní àrùn kì í mú, àgbẹ̀ kò ní rò pé fáírọ́ọ̀sì ni ó yí padà. Yóò rò pé wọ́n purọ́ fún òun, kò sì ní gba igi mìíràn lọ́wọ́ wọn mọ́. "Ẹ̀yà tí ó lè kojú àrùn" kì í ṣe ìlérí jù. Ó sọ òtítọ́, ó sì fi àyè sílẹ̀ fún ọ̀la.

8. Èsì sí àwọn alátakò

Àwọn kan yóò sọ pé ọ̀rọ̀ àyálò ń ba èdè jẹ́. Kí wọ́n dé Ìpínlẹ̀ Oǹdó kí wọ́n bi àgbẹ̀ bóyá "kòkó" àti "rọ́bà" ba Yorùbá rẹ̀ jẹ́. Nínú gbogbo ọ̀rọ̀ tí àpilẹ̀kọ yìí dábàá, ọ̀kan ṣoṣo ni ó jẹ́ àyálò titun. Àwọn mìíràn yóò sọ pé "kòkòrò àìfojúrí" ti wà nínú ìwé tipẹ́. Èsì ni pé iṣẹ́ ọ̀rọ̀-ìperí kì í parí. Iṣẹ́ tí Fáfúnwá àti àwọn ẹgbẹ́ rẹ̀ bẹ̀rẹ̀ ní Ifẹ̀ ní 1970, níbi tí wọ́n ti fi Yorùbá kọ́ àwọn ọmọ alákọ̀ọ́bẹ̀rẹ̀, àti ìwé èdè-ìperí tí Bámgbóṣé ṣe olóòtú rẹ̀ ní 1984, fi hàn pé ohun tí àwọn aṣáájú fẹ́ ni kí ọ̀rọ̀ ṣiṣẹ́, kí á sì tún un ṣe bí kò bá ṣiṣẹ́.

Ẹ̀sùn kan wà tí ó yẹ kí àwọn onímọ̀ èdè fi kan àwọn onísáyẹ́ǹsì náà. Ọ̀kan nínú àwọn ẹ̀yà ìbílẹ̀ tí wọ́n mọ̀ káàkiri àgbáyé ni TME 7. Nínú ìwé wọn, orúkọ tí àgbẹ̀ fún un ni "Oko-Iyawo", láìsí àmì kankan. Ṣé oko ìyàwó ni, tàbí ọkọ ìyàwó? Ìwé náà kò lè dáhùn, nítorí pé ẹni tí ó kọ ọ́ ka àmì sí ohun ọ̀ṣọ́. Àwọn ènìyàn tí wọn kò jẹ́ ṣi lẹ́tà kan kọ nínú 2,700 ti fáírọ́ọ̀sì ṣi orúkọ ọlọ́rọ̀ méjì kọ. Àṣìkọ ni èyí pẹ̀lú, ó sì ti ń ran láti ìwé dé ìwé.

9. Ìkádìí

Àwọn ọ̀rọ̀ tí àpilẹ̀kọ yìí dábàá nìyí ní ṣókí. Akáwékò: àrùn tí ń ká ewé ẹ̀gẹ́ kò. Fáírọ́ọ̀sì: àkọsílẹ̀ àbùdá nínú èèpo, tí kò lè dá ara rẹ̀ kọ láìsí ohun alààyè mìíràn. Kòkòrò: ohun tí ó ní ẹsẹ̀ àti ẹnu, bí irú funfun tí ń gbé akáwékò kiri, òun nìkan ṣoṣo. Ọ̀wọ́: àpapọ̀ irú kan ní ibì kan. Ìyàtọ̀síra àbùdá: bí àwọn inú ọ̀wọ́ ṣe jìnnà sí ara wọn tó. Àṣìkọ, àdàlù àrùn, àgéránpọ̀: àṣìṣe lẹ́tà, irú méjì nínú ara kan, àti àkọsílẹ̀ méjì tí ó di ọ̀kan. Ìṣẹ́kù: àwọn tí ó kọjá nínú asẹ́. Àyípadà àtìrandíran: ohun tí gbogbo èyí ń bí bí ọdún ti ń gorí ọdún.

Kì í ṣe inú ìpàdé àwọn ọ̀mọ̀wé ni ó yẹ kí wọ́n ti dán ọ̀rọ̀ wọ̀nyí wò. Kí olùkọ́ kó àwọn akẹ́kọ̀ọ́ rẹ̀ lọ sí oko kan ní Odígbó. Kí wọ́n ṣàlàyé akáwékò fún ìyá tàbí bàbá tí ó ni oko náà, kí wọ́n sì ní kí ó tún un sọ fún ẹlòmíràn ní ojú wọn. Bí ó bá lọ gbé ẹ̀rọ ìfínkòkó, ọ̀rọ̀ náà ti kùnà, ìbáà dùn létí bí orin. Bí ó bá yíjú sí ìdì igi tí ó ti gé sílẹ̀ láti gbìn, tí ó bẹ̀rẹ̀ sí í yẹ̀ ẹ́ wò ní ọ̀kọ̀ọ̀kan, ọ̀rọ̀ náà ti yè, kí wọ́n kọ ọ́ sínú ìwé.